Gbólóhùn Tí Ardith Yọ Kúrò

Ọdún mọ́kànlélógún ni Ardith Combs fi se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ ilé ìwé Caney Fork, kò sì sí ọmọ ibẹ̀ tí kò mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ ìdáná rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ikú Dell, ọkọ rẹ̀, ó kọ ìwé ìtàn àròsọ kan. Láti ìgbà náà ló ti ń kọ lẹ́tà sí àwọn aṣojú òǹkọ̀wé ní New York, àwọn tó máa ń gbé ìwé ẹni lọ bá àwọn atẹ̀wétà. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti kọ. Àwọn kan fèsì pé ìwé náà kò bá àwọn lára mu. Àwọn yòókù kò tilẹ̀ fọhùn.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, ó gbé ìkejìlélọ́gbọ̀n wá sí ilé ìkàwé, ó jókòó ti Corliss Napier, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀. Corliss kà á tán lójú kọ̀ǹpútà, ó fi ìka lé ìlà àkọ́kọ́.

"Màmá Ardith, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ eléyìí."

Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé: Ọlọ́run ló ní kí n kọ ìwé yìí.

"N ò yọ ọ́."

"Àwọn aṣojú máa ń fi irú ẹ̀ rẹ́rìn-ín ni, mà. Bí wọ́n bá ti rí i báyìí, wọn ò ní ka ìlà kejì."

"Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà ti ń tijú Ọlọ́run ni? Ìwọ tí mo ń bu ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo fún nílé ìwé nígbà kékeré rẹ, tí o kì í fọwọ́ kàn án àfi tí o bá gbàdúrà gígùn bíi ti pásítọ̀!"

"Ẹ̀wà yẹn ló ń bà mí lẹ́rù, mà. Àdúrà ààbò ni mò ń gbà."

Ardith ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ó dáa," Corliss ní, "kí ni obìnrin inú ìwé yín ń fẹ́?"

"Ọkọ rẹ̀ kú sínú ihò tí wọ́n ti ń wa èédú. Iléeṣẹ́ tó ni ihò náà fẹ́ fi kọnkéré dí ẹnu rẹ̀. Obìnrin náà gbé àga síbẹ̀, ó jókòó. Ó ní òun ò ní dìde àfi tí wọ́n bá gbé òkú ọkọ òun jáde."

"Níbo lẹ kọ ìyẹn sí nínú lẹ́tà yìí?"

Ardith wá a lójú kọ̀ǹpútà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Orúkọ ìjọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀rí ìgbàlà rẹ̀ wà níbẹ̀. Obìnrin orí àga kò sí.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ìsìnkú Dell, níbi tó ti ń fọ ìkòkò, ni Ardith ti gbọ́ ohùn kan ketekete: Kọ ọ́ sílẹ̀. Ó jẹ́rìí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ará ké halelúyà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ogún lẹ́tà ti lọ láìsí èsì rere ló ti ń bi ara rẹ̀ léèrè, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, bóyá ohùn Ọlọ́run ni àbí ohùn ìbànújẹ́ ara rẹ̀. Kò mọ̀. Síbẹ̀, ó ń fi Olúwa ṣe onígbọ̀wọ́ lọ́dọ̀ àjèjì, láìgba àṣẹ.

Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi pa ìlà náà rẹ́. Ó gbé Nora Sizemore, obìnrin orí àga yẹn, sí òkè pátápátá. Nísàlẹ̀, ó kọ ọ́ pé: Èmi ni mo kọ ìwé yìí. Bí kò bá dára, èmi ni kí ẹ bá wí.

"Wọn kì í kọ irú ìyẹn náà o, mà."

"Mo ti yọ ọ̀kan fún ẹ. Èyí ò kúrò."

Corliss rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé ẹ ò gbà pé Ọlọ́run ló rán yín mọ́ ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ọ̀rọ̀ èmi àti Òun nìyẹn. Òun náà ò tíì fèsì lẹ́tà tèmi."

Ardith ka àwọn álífábẹ́ẹ̀tì orúkọ aṣojú náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kó má baà ṣì í kọ, ó sì tẹ lẹ́tà náà ránṣẹ́. Corliss rò pé yóò dìde. Ardith fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì.

"Aṣojú wo ló kàn?"