Kúnú Tí Ìyá Mi Kò Tọ́ Wò

Nílé wa ní Keteren Gwari, ní Minna, ìyá mi kì í tọ́ oúnjẹ wò nínú ààwẹ̀. Bàbá mi, áfà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, ti ṣàlàyé fún un ní àìmọye ìgbà pé ẹni tó ń dáná lè fi ṣóńṣó ahọ́n kan oúnjẹ kó sì tu ú dànù. Ìyá mi á ní òun ti gbọ́, kò sì ní ṣe é. Imú ló fi ń dáná. Á ṣí ìdérí ìkòkò, á fà á símú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á ní iyọ̀ kù díẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń gbìyànjú láti gbọ́ òórùn iyọ̀ yẹn. Mi ò gbọ́ ọ rí títí dòní.

Ohun tí gbogbo àdúgbò fi mọ̀ ọ́n ni kúnú jéró tó máa ń sè fún ìṣínu ní mọ́sálásí, nígbà tó bá kan ilé wa láti gbé ìṣínu lọ. Àjàgbọn ló fi ń mú un kan díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kan atalẹ̀, kànáfùrù, ẹ̀ẹ̀rù àti iyèré. Èmi tí wọ́n bí sí Minna, orúkọ Hausa wọn, citta, kaninfari, kimba àti masoro, ni mo kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n sí lọ́jà, ìyá mi kò sì tíì dárí ẹ̀ jì mí.

Nínú ààwẹ̀ ọdún tó kọjá, lọ́jọ́ tó kan ilé wa, mo ti Tunga Low Cost tí mò ń gbé wá lọ́sàn-án láti ràn án lọ́wọ́. Nǹkan oṣù mi wà lára, mi ò gbààwẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ síta nílé wa. Ìyá mi á kàn wò mí lójú lẹ́ẹ̀kan, á gbé àwo oúnjẹ tó ti bò dáadáa sí yàrá inú lọ́hùn-ún, á sì pa ilẹ̀kùn dé. Àwọn ọkùnrin lè jókòó sí pálọ̀ di ìrọ̀lẹ́, wọn ò ní mọ nǹkan kan. Ìrẹsì àti ọbẹ̀ ni mo bá lọ́jọ́ náà. Mo bu síbí kan sẹ́nu. Ọbẹ̀ náà ti kan.

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ìyá mi yìí ló máa ń ti ẹnu ọ̀nà mọ̀ pé epo tí mo rà ti pẹ́ nínú kẹ́ẹ̀gì. Mo pè é, mo sọ fún un. Ó gba àwo náà, ó gbé e súnmọ́ imú, ó sì pẹ́ kó tó gbé e kúrò. Lẹ́yìn náà ló jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní láti ìgbà tí ọ̀fìnkìn ti mú òun nígbà ọyẹ́, òun kò gbọ́ òórùn nǹkan kan mọ́, ìbáà ṣe irú, ìbáà ṣe ọṣẹ. Oúnjẹ pàápàá ti di ọ̀kan náà lẹ́nu òun.

"Má sọ fún bàbá rẹ," ó ní. "Wọ́n á ní kí n lọ sinmi."

Ó ti ń se kúnú náà kí wọ́n tó bí mi. Mo mọ ohun tí ìsinmi yẹn túmọ̀ sí: ẹlòmíràn ni wọ́n á gbé kúnú náà fún. Mo ní ẹ jẹ́ kí n máa tọ́ ọ wò fún yín, ṣebí mi ò gbààwẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní bí mo bá ti tọ́ ọ wò, kúnú tèmi nìyẹn.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, mo sì ń wò ó. Ó fi èékánná tẹ kànáfùrù, ó wò ó bóyá òróró jáde. Èyí tó gbẹ, ó jù ú nù. Ó ṣẹ́ ẹ̀ẹ̀rù sétí, ó tẹ́tí sí bó ṣe dún. Ó da iyèré sínú páànù gbígbẹ, ó dijú, ó ń gbọ́ bó ṣe ń ta, ìgbà tí ìró rẹ̀ sì rọlẹ̀ ló gbé e kúrò lórí iná. Nígbà tó gún atalẹ̀ tán, ó fi díẹ̀ pa abẹ́ ojú, ó sì dúró. Ó ní bí omijé bá yára jáde, atalẹ̀ náà le nìyẹn, òun á dín in kù. Omijé náà kò yára. Ó tún bu díẹ̀ sí i. Mo dúró síbẹ̀ bí ọmọ ilé kéwú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Mo ti rò pé imú rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ náà.

Bàbá mi gbé kúlà tí a rọ kúnú náà sí lọ sí mọ́sálásí kí oòrùn tó wọ̀. Ìyá mi jókòó, tẹ̀sùbáà rẹ̀ ló ń yí lọ́wọ́. Nígbà tí bàbá mi dé, kúlà ti ṣófo. Ó ní àwọn èèyàn ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ilé wa tún gbé e wá lọ́la. Ìyá mi ní "To, kò burú," ó sì dúró kí bàbá mi wọlé tán.

Ó wá bu èyí tó ṣẹ́kù nínú ìkòkò sínú ife méjì, ó gbé ọ̀kan fún mi.

"Báwo ló ṣe rí?"

Mo ní ó dùn.

"Mi ò bi ọ́ bóyá ó dùn. Sọ ọ́ fún mi."

Mo wá ọ̀rọ̀ títí. Mo ní kànáfùrù ló kọ́kọ́ dé. Ó mi orí.

"Rárá. Àjàgbọn ló ń ṣáájú, atalẹ̀ á tẹ̀lé e. Kànáfùrù kì í jáde àfi tóo bá ti gbé e mì. Tún un mu."

Mo tún un mu, díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe wí gẹ́lẹ́ ló rí. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀rù ńkọ́?" ó bi mí. Ó gbé ife tirẹ̀ sẹ́nu, ó sì ní kí n máa sọ ọ́ lọ.