Ẹyẹ Tó Ń Ṣe Àlùwàlá Nínú Adágún Wa

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga ju ẹnu àmù lọ, bàbá mi gbẹ́ adágún kékeré kan sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Pópó Yemọja. Ó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, ó sì da ẹja àrọ̀ sínú rẹ̀. Nítorí ìyá rẹ̀ ni. Eyín ti ká lẹ́nu Ìyá Àgbà, kò lè jẹ ẹran mọ́, bàbá mi sì ti búra pé tí àwẹ̀ bá dé, ẹja tútù ni ìyá òun yóò máa fi ṣínu.

Àwa ọmọdé là ń pọn omi sí i. Iṣẹ́ náà kò dùn, ṣùgbọ́n tí a bá da ẹ̀kọ tó ti kan sínú omi, tí ẹja ń jà lé e lórí, a máa ń gbàgbé pé ọrùn ń dùn wá.

Kò pẹ́ tí ẹja fi ń dín kù. Bàbá mi ní àwa là ń jí i sun. Ó ní ká kúnlẹ̀, ká na ọwọ́ sókè, ó wá ń gbóòórùn ọwọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Òórùn ẹ̀wà nìkan ló gbọ́.

Ìyá Àgbà ní, "Ràájí, fi àwọn ọmọ yẹn sílẹ̀. Àwòdì ni."

Bàbá mi ri igi mọ́lẹ̀ lẹ́bàá omi, ó wọ dàńṣíkí rẹ̀ fún un, ó dé e ní fìlà. Lọ́jọ́ kejì, àwòdì bà lé fìlà náà. Bàbá Alágbẹ̀dẹ, aládùúgbò wa tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, dúró níwájú igi náà pé kó kí òun. Igi kò dọ̀bálẹ̀. Ó bínú lọ. "Ẹja ti sọ Ràájí di ọ̀gá," ló ń sọ kiri àdúgbò.

Ni Ìyá Àgbà bá ní òun fúnra òun ni yóò ṣọ́ ọ. Ó gbé àpótí ìjókòó síbẹ̀, ọ̀pá gígùn lọ́wọ́ kan, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ kejì. Ilé kéwú nìkan ni mo ń lọ nígbà náà, nítorí náà èmi ni mo ń jókòó tì í. Tí àwòdì bá yọ, á na ọ̀pá, á bú ìyá tó bí i, á sì padà sídìí tẹ̀sùbáà.

Ṣùgbọ́n ẹyẹ funfun kan wà tí Ìyá Àgbà kì í lé. Ọrùn rẹ̀ gùn ju ti lékelèéke tó ń tẹ̀lé màálù, àmọ́ funfun ni, ìyẹn sì tó. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí bí a ti ń na ọwọ́ sí lékelèéke pé kó fi funfun sí wa léèékánná. Ìyá Àgbà á ní kí n na tèmi, á na tirẹ̀. Ẹyẹ á ti orí bọ omi, á gbé e sókè, á tún tì í bọ̀ ọ́.

"Má pariwo," Ìyá Àgbà á ní. "Àlùwàlá ló ń ṣe."

Nígbà tó ku díẹ̀ kí àwẹ̀ dé, bàbá mi ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ dé lọ́sàn-án. Ó bá èmi àti ìyá rẹ̀, a na ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹyẹ gbé orí sókè, ìrù àrọ̀ ń jù lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé e mì, ọrùn rẹ̀ wú, ó sì fò gba ọ̀nà Mápó lọ.

Bàbá mi wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ tó ṣì nà síbẹ̀. "Ìyá, ṣé ó fún yín ní funfun náà?"

Ìyá Àgbà fa ọwọ́ sábẹ́ ìborùn. "Tó bá ṣe àlùwàlá tán, ṣé kò ní jẹun ni?"

Bàbá mi fẹ́ bínú, ẹ̀rín ni ó gbé e. Ó da àwọ̀n bo adágún lọ́jọ́ náà. Ẹja díẹ̀ tó kù ni Ìyá Àgbà fi ṣínu, ṣùgbọ́n gbogbo ìrù rẹ̀ ló ń gbé sórí ògiri. Ó ní ti àlejò ni.

Lónìí, tánkì oníke ni mo fi ń sin ẹja, nẹ́ẹ̀tì onírin wà lórí rẹ̀. Ẹyẹ kankan kò lè kàn án. Ọmọ-ọmọ mi mọ orúkọ ẹyẹ ilẹ̀ òkèèrè nínú fóònù, kò na ọwọ́ sí lékelèéke rí. Ìyàwó mi tó fẹ́ràn orí àrọ̀ ti ṣaláìsí, ẹja sì pọ̀ ju ẹnu mi lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹyẹ funfun kan bà lé nẹ́ẹ̀tì náà. Ó wo ẹja, ó wò mí. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo sì na ọwọ́ méjèèjì.

Títí di òwúrọ̀ yìí, mo ṣì ń yẹ èékánná mi wò.