Ìgbẹ́ Adìyẹ Nínú Àlìkámà Elspet

Ìyá bàbá mi, Elspet Gowans, tí mò ń pè ní Màmá, kì í gba àlìkámà kankan gbọ́ àfi bó bá ti fi eyín rún un. Á rún un títí, á tu ú sí àtẹ́lẹwọ́, á sì fi ìka fà á wò. Èyí tó bá fà bíi ṣingọ́ọ̀mù, ti oníbúrẹ́dì ni. Èyí tó bá yọ́ bí ògì, ti ilé ìpọntí ni, torí irú èyí ló ń mú ọtí púpọ̀ jáde. Itọ́ náà máa ń rí mi lára. Ẹ̀gbẹ́ kan ni mo máa ń wò.

Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló ti ń gbin irú tó rọ̀ fún ilé ìpọntí, létí ìlú Cupar, ní àgbègbè Fife. Bí ẹni ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ ló ṣe máa ń fi ajílẹ̀ sí i, torí bí ajílẹ̀ bá ti pọ̀ jù, èyí tó rọ̀ pàápàá á bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

Lóṣù Kẹrin, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ìbàdí. Ó fi oko sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, Wattie. Lọ́jọ́ tí bàbá mi gbé e dé láti ọsibítù, kò tíì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tí òórùn fi pàdé wa.

"Wattie! Kí ló kú síbí?"

"Kò sóhun tó kú, ẹ̀gbọ́n mi. Ìgbẹ́ adìyẹ ni. Àwọn olóko adìyẹ ìsàlẹ̀ odò ló fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Oko ìsàlẹ̀ ni mo dà á sí. Ẹ ò rí i bó ṣe ń tutù yọ̀yọ̀?"

"Ó ń tutù lóòótọ́! O ti sọ oko mi di ṣáláńgá."

Eṣinṣin bo fèrèsé wa. Ní iléèwé, ẹ̀yìn pátápátá ni mo ń jókòó sí, kí ẹnikẹ́ni má baà gbóòórùn aṣọ mi.

Nígbà tí wọ́n kórè tán, Màmá rún ti oko òkè, tí ìgbẹ́ adìyẹ ò dé. Ó yọ́. Ó rún ti ìsàlẹ̀, ó tu ú sọ́wọ́, ó fà á. Ó gùn tó ìka mi. Màmá yínmú.

Wattie rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká dà á pọ̀ mọ́ ti òkè. Ẹ̀rọ tí ilé ìpọntí fi ń yẹ̀ ẹ́ wò ò ní mọ̀."

"Tùẹ̀!" Màmá tutọ́ sílẹ̀. "Ìgbẹ́ yẹn gan-an ò rí mi lára tó ohun tó o sọ yìí. Ilé ìpọntí ò dá ọkọ̀ àlìkámà mi padà rí, Wattie. Kò ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo!"

"Kí la wá fẹ́ fi ṣe? Ìdajì oko ni o!"

"Adìyẹ ló ni ín. Gbé e lọ fún àwọn olóko adìyẹ, kí wọ́n fi bọ́ adìyẹ wọn. Ìwọ fúnra ẹ ni wàá gbé e lọ."

Wattie gbé e lọ, ó ń kùn.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ fẹ́ gbé ti oko òkè lọ sí ilé ìpọntí, Màmá ò fọkàn tán Wattie mọ́ pé kò da ti ìsàlẹ̀ mọ́ ọn, ìbàdí rẹ̀ ò sì jẹ́ kó lè gun ẹ̀yìn ọkọ̀. Èmi ló rán. Mo bu díẹ̀ níwájú, mo bu díẹ̀ láàárín, mo bu díẹ̀ lẹ́yìn. Mo rún un, mo tu ú sọ́wọ́. Mo fi ìka fà á wò.

"Ṣé ó ń fà?"

"Rárá, Màmá. Ó yọ́."

Ó ní kí awakọ̀ máa lọ. Mo nu ọwọ́ mi mọ́ koríko, mo tún nù ún.