Kúlúsúmù Nídìí Tẹlifóònù

Kí Kúlúsúmù tó lọ́kọ, iṣẹ́ aṣọ rírán ló ń kọ́ ní Bẹẹrẹ. Lọ́jọ́ kan, àwọn kan láti ọ̀dọ̀ ìjọba dé ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n ń wá ọmọge tí ojú kì í tì, tí yóò fi han ará ìlú nínú fíìmù bí a ṣe ń lo tẹlifóònù. Ọ̀gá nàka sí Kúlúsúmù. Wọ́n mú un lọ sí yàrá kan nítòsí Mápó, ó gbé tẹlifóònù dúdú sétí, ó fi ìka yí nọ́ńbà rẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi ní ó tó.

Kò fojú kan fíìmù náà. Ó relé ọkọ ní Pópó Yemọja, ó bímọ, ó di Alhaja. Tó bá sọ ọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ á ní àlá ló lá.

Àfi lọ́dún tó kọjá tí Mujeebat, ọmọ ọmọ rẹ̀, rí fíìmù náà lórí fóònù.

"Ìyá àgbà, ṣé ẹ̀yin rèé?"

Ọkùnrin kan tí a kò rí ń ṣàlàyé nínú fíìmù náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: ẹ má pariwo, wáyà yóò gbé ohùn yín dé ibi tí ẹ fẹ́, ẹ má bẹ̀rù, iná rẹ̀ kò ní gbé yín. Mujeebat rẹ́rìn-ín, síbẹ̀ sùúrù ọkùnrin náà wù ú. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò sí ohun tuntun tí ènìyàn kò lè kọ́. Àmọ́ ohùn rẹ̀ bo ti ọmọge náà. Ẹnu rẹ̀ nìkan là ń rí tó ń mì.

"Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Kò sẹ́nìkan. Wáyà yẹn ò débì kankan. Wọ́n ní kí n ṣáà máa sọ ohun tó bá wá sí mi lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n mi Sàídì ló wá sí mi lọ́kàn. Òun àti bàbá wa jà, ó bá bínú lọ sí Kùmásì."

Mujeebat pa ohùn ọkùnrin náà, ó dá fíìmù padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Kúlúsúmù tẹjú mọ́ ẹnu ara rẹ̀.

"Bọ̀dá mi," ó rọra ń sọ ọ́ tẹ̀lé e, "inú bàbá ti rọ̀. Màmá ń bi wá nípa yín ṣáá. Ẹ máa bọ̀ nílé."

"Ṣé wọ́n padà wá wálé?"

"Rárá. Ìròyìn ikú ẹ̀ la gbọ́."

Nírọ̀lẹ́, ará ilé pé jọ wo fíìmù náà, ẹ̀rín sì pa wọ́n. Kúlúsúmù náà rẹ́rìn-ín, ó ń fi ìka júwe bí nọ́ńbà ṣe ń yí. Nígbà tí ẹnìkan bi í léèrè ohun tó ń sọ níbẹ̀, ó ní òun ò rántí mọ́. Mujeebat wò ó, ó sì fi kún ohùn ọkùnrin inú fíìmù náà.