Alhamdulillahi Tí Mo Fi Bo Àìsàn Mọ́lẹ̀

Ìrun Àìlà ni mò ń kí nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Bí mo ṣe forí kanlẹ̀, èémí mi há. Àfi bíi pé wọ́n gbé àpò ẹ̀wà lé mi láyà. Mo yára jókòó, mò ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ẹ̀wà ni mò ń tà ní Èbúté Èrò láti ìgbà ọmọge mi, n kì í ṣe ọ̀lẹ. Mo ní àgbà ló dé. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi wú, bàtà ò wọ̀ mọ́, mo sì ń sinmi lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gun àtẹ̀gùn ilé tán.

Rísíkátù ọmọ mi mú mi lọ sí ọsibítù. A jókòó lórí bẹ́ńṣì láti àárọ̀ di ọ̀sán. Dókítà ní, "Màmá, báwo lara?" Mo ní, "Alhamdulillahi, a dúpẹ́." Kí ni ǹ bá tún wí? Bí wọ́n ṣe tọ́ wa lágbo ilé wa nìyẹn: ẹni tó bá béèrè àlàáfíà rẹ, ọpẹ́ lo máa fi dá a lóhùn. Wọ́n ya àwòrán ọkàn mi lórí ìdùbúlẹ̀, wọ́n ní ó ń tu ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa, kí n lọ sinmi.

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi sinmi, tí mò ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Ìjókòó ni mo fi ń sùn. Tí wọ́n bá pe ìrun, ẹkún ni. Ohun kan ṣoṣo tí mò ń bẹ Ọlọ́run fún ni kí n tún fi iwájú orí mi kan ilẹ̀.

Nígbà tá a padà lọ, Rísíkátù mú mi wọlé tọ dókítà mìíràn, obìnrin. "Tí màmá mi bá ní àlàáfíà ni, ẹ má gbà wọ́n gbọ́ o! Wọn ò lè gun àtẹ̀gùn." Ojú tì mí, àfi bíi kí ilẹ̀ lanu. Dókítà ní ọkàn mìíràn wà tí kì í jẹ́wọ́ tó bá ń sinmi, àfi kéèyàn fún un níṣẹ́ ṣe.

Wọ́n gbé mi sórí kẹ̀kẹ́ kan tí kì í rìn. Mo fẹ̀yìn tì, mò ń wà á, dókítà ń tẹ ẹ̀rọ mọ́ mi láyà, àwòrán ọkàn mi ń mì lójú ẹ̀rọ.

"Ṣé kò sí ìnira, Màmá?"

"Alhamdulillahi."

Wọ́n mú kẹ̀kẹ́ le sí i. Àyà mi fún. "Ṣé ká dá a dúró?" Alhamdulillahi ti dé ẹnu mi, èémí ni ò jẹ́ kó jáde. Ẹkún ló jáde.

Àṣé ọkàn mi ti le. Kì í dẹ̀ mọ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè wọ inú rẹ̀, bí mo bá sì ti ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ á ṣẹ́rí padà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ọkàn tí kò kájú iṣẹ́ mọ́ nìyẹn. Òògùn wà, ṣùgbọ́n kò ní dà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Omi ti fà lẹ́sẹ̀ mi. Mo ti ń dùbúlẹ̀ sùn. Àmọ́ orí àga ni mo ti ń kírun, ó sì ń dùn mí wọra, n ò ní purọ́. Ara yìí sìn mí títí, ó ń ké, èmi ni mò ń pa á lẹ́nu mọ́.

Lánàá, ìyàwó àbúrò ọkọ mi yọjú. "Ìyá, ṣé àlàáfíà ni?"

Mo ní, "Alhamdulillahi. Àyà ń dùn mí. Jókòó tì mí."