Sáńpépà Tó Ti Kú

Ọ̀gá àyẹ̀wò ni ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́ mi jẹ láyé, mi ò sì lè gbóòórùn rọ́bà gbígbóná títí dòní kí ojú rẹ̀ má yọ sí mi. Ẹgbẹ́dá ni ilé-iṣẹ́ bàtà náà wà, nígbà tí owó epo ń ṣàn, tí ìjọba ń ra sálúbàtà fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ibẹ̀ ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Bí mo bá fọn ikun, dúdú ló máa ń jáde, ó sì máa ń kó mi nírìíra.

Nítorí pé mo kẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì, èmi ni wọ́n ní kí n máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà wò. Mo máa ń gé rọ́bà bí orí àtàǹpàkò, mo máa wọ̀n ọ́n, mo máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ àgbá irin kékeré kan tó ń yí, tí a fi sáńpépà wé, irú èyí tí káfíńtà fi ń dán igi. Lẹ́yìn náà mo máa tún un wọ̀n. Èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ bá dín kù jù kò ní pẹ́ lẹ́sẹ̀ ọmọ, a ó dá a padà. Ṣùgbọ́n sáńpépà fúnra rẹ̀ máa ń kú. Bó bá ti dán, kò lè ha nǹkan kan mọ́, rọ́bà burúkú á wá dà bí ojúlówó.

Tiwa dán bí ẹ̀yìn àwo. Mo tọ ọ̀gá lọ.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ sáńpépà yìí."

Kò tilẹ̀ wojú mi. Obì wà lẹ́nu rẹ̀, itọ́ rẹ̀ ń ṣàn sí ìrùngbọ̀n. "Àkàjù ìwé ló ń dà ẹ́ láàmú. Abájọ tí o ò tíì rí ọkọ! Lo èyí tó wà níbẹ̀ jàre."

Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ fi mí rẹ́rìn-ín. Mo lò ó. Gbogbo rọ́bà tí mo gbé lé e ló yege, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi kọ orúkọ mi sí ìwé àyẹ̀wò. Ìyẹn ni mi ò lè dárí rẹ̀ ji ara mi.

Kò pé oṣù méjì tí obìnrin kan, olórí ilé-ìwé kan ní Ìkọ̀tún, fi gbé abọ́ ńlá wá. Sálúbàtà kún inú rẹ̀, gbogbo wọn ti lu.

"Ẹ wò ó! Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ làwọn ọmọ wa fi ń tẹlẹ̀. Ta ló ní èyí dára?"

Ọ̀gá na ìka sí mi. "Òun nìyẹn, mà. Orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀."

Obìnrin náà wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ, tí o jẹ́ obìnrin?" Ọjọ́ náà ni wọ́n lé mi, ilé-iṣẹ́ rọ́bà kankan kò sì gbà mí mọ́.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tó ń ní kí n gbàgbé, ẹ ṣeun. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ní ẹnì kan yege, mo máa ń fẹ́ fọwọ́ kan ohun tí wọ́n fi dán an wò. Mo ti rí àwọn ọkùnrin tó yege lójú ìjọ àti lójú ìlú; sáńpépà tó ti kú ni wọ́n fi wò wọ́n. Tuntun ni wọ́n máa ń mú jáde fún èmi obìnrin.

Mo tún rí ọ̀gá àyẹ̀wò náà níbi ìsìnkú kan ní Ìgándò lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ti darúgbó, rọ́bà ìdí ọ̀pá rẹ̀ ti jẹ tán, àwọn èèyàn sì ń dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo bẹ̀rẹ̀ sétí rẹ̀, mo bi í pé kí ló dé tí kò jẹ́ kí n pààrọ̀ sáńpépà náà. Ó rẹ́rìn-ín, obì ṣì wà léyín rẹ̀.

"Ìwọ náà rò ó wò, ọmọ mi. Ká ní a pààrọ̀ rẹ̀, èwo ni ì bá yege nínú rọ́bà wa?"