Ààwẹ̀ Tí A Kò Gbà

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, nígbà tí mo ṣì kéré ní Lafiaji, àwa nìkan ni onígbàgbọ́ nínú ilé wa. Mùsùlùmí ni gbogbo àwọn tó kù. Àlàájà, tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà ní Òkè Àrin, ló ń gbé òkè, àwa wà nísàlẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé kan náà la ti jọ ń dáná, ibẹ̀ náà la ti ń ṣeré tẹ́ǹ-tẹ́ǹ títí eruku á fi bò wá.

Òfin kan wà tí màmá mi kì í fi ṣeré. Bí ẹnikẹ́ni bá fún ọ lóúnjẹ, "Rárá, ẹ ṣé mà" ni wàá sọ. Ọmọ tó bá gbà á, á kúnlẹ̀, á gbọ́wọ́ sókè títí apá á fi máa gbọ̀n. Màmá á ní, "Ọlọ́run ni kẹ́ ẹ sọ fún. Òun ló ń bọ́ wa."

Lọ́dún tí bàbá wa kú, màṣíìnì tí màmá fi ń ránṣọ náà tún bàjẹ́. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Ràmàdáánì, a jí, kò sí nǹkan kan nílé, àní gààrí kò sí. Dàpọ̀, àbúrò mi, sunkún títí. Nígbà tó di ọ̀sán, kò lè sunkún mọ́, ó kàn nà gbalaja. Mo rò pé ó fẹ́ kú ni.

Àlàájà bá mi nídìí ẹ̀rọ omi. Ó na bisikíìtì sí mi, ó ní, "Bọ́lá, gbà." Háà, itọ́ kún ẹnu mi! Mo ní, "Rárá, ẹ ṣé mà." Ó wò mí títí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bá tiẹ̀ lọ.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, màmá ní ká tẹ́ àwo, ká gbàdúrà sóúnjẹ. Oúnjẹ wo? Ẹ̀rù tiẹ̀ bà mí, mo rò pé ìyà ti da màmá lórí rú. A ò tíì ṣàmín tán tí Àlàájà fi wọlé, abọ́ àkàrà lọ́wọ́ kan, ògì gbígbóná lọ́wọ́ kejì.

"Ìyá Bọ́lá, ẹ kú ààwẹ̀ o! Mi ò rí iná yín látàárọ̀, ọmọ yín ò gba bisikíìtì. Mo ní wọ́n mà ń bá wa gbààwẹ̀! Ẹ wá ṣínu."

Màmá mi kò lè purọ́. "Àlàájà, a ò gbààwẹ̀. Kò sóúnjẹ ni."

Àlàájà gbé abọ́ méjèèjì kalẹ̀. "Yéè! Lábẹ́ òrùlé kan náà? Ẹ̀ ń sọ fún Ọlọ́run, ẹ ò lè sọ fún mi? Ṣé ọ̀tá yín ni mí ni?" Ó bú sẹ́kún, màmá náà bú sẹ́kún. Dàpọ̀ ní tiẹ̀ ti ki àkàrà bọnu.

Títí dòní, orí mi ṣì ń wú. Òfin tí màmá fi ń lé oúnjẹ sẹ́yìn gan-an ni Ọlọ́run gbà gbé e wọlé.

Lóde òní, gbogbo wa la ti géètì pa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n gbé obìnrin tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ní ebi ni. Ebi! Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé fìríìjì mi kún! Mi ò tiẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Mo ṣì gbà pé Ọlọ́run ń pèsè. Ohun tó ń já mi láyà ni pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ló rán sí i, tí mi ò sì lọ.